Irin Àárín Kẹ̀kẹ́ Tíṣà Ọlátúbọ̀sún

Ní ọdún tí wọ́n sọ Adó di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun, gbogbo ìlú ló dunnú, Tàófíìkì náà sì bá wọn dunnú. Kò mọ̀ pé ayọ̀ yẹn ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó dé láti Àkúrẹ́, ilé tuntun ń yọ lójoojúmọ́, ọ̀kadà sì bo ìgboro bí eéṣú. Kí ọdún méjì tó pé, ẹni tó bá ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ ní Adó, àfi kó jẹ́ arúgbó tàbí ẹni tí kò rí ọ̀nà mìíràn gbà.

Títún kẹ̀kẹ́ ṣe ni iṣẹ́ Tàófíìkì. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, òun náà sì jókòó sídìí òfì títí ó fi di ọmọ ogún ọdún, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú òwú. Irin ló wù ú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń ta aṣọ òfì ní Adó wá ọdún Iléyá nílé, ó bá a padà, ó sì kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ bàbá kan ní Òkèṣà. Ọdún kejìlélógún rèé. Adó ló ti fẹ́ Kúdírát, tó ń ta àpò àti okùn ní Ọjà Ọba. Adó ni wọ́n bí Àmínát sí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti sìn ín lọ sílé ọkọ. Síbẹ̀, bí Tàófíìkì bá ti la ẹnu, àwọn ará àdúgbò á rẹ́rìn-ín, nítorí kò tíì lè pe ilé ní "ulé" bí àwọn ṣe ń pè é.

Ìsàlẹ̀ Ìjígbò ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, páànù mẹ́fà lórí òpó mẹ́rin. Nígbà kan, tó bá di Sátidé, kẹ̀kẹ́ á tò síwájú rẹ̀ títí dé ojú títì. Ní ọdún 1998 tí à ń wí yìí, ó lè jókòó láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun Àásàrí, kí ó má rí ju ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ. Ó máa ń nu sípánà tí kò dọ̀tí. Ó máa ń tú kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ palẹ̀, á tún un tò. Kúdírát kì í bi í pé báwo ni ìsọ̀. Yóò gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò sì dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀. Ìyẹn gan-an ló máa ń dun Tàófíìkì jù.

Oníbàárà kan ṣoṣo ló kù tí kì í yẹ̀, Tíṣà Ọlátúbọ̀sún. Ọmọ bíbí Adó ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjan. Fún ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ dúdú rẹ̀ lọ láàárọ̀, tó ń gùn ún bọ̀ nírọ̀lẹ́. Mọ́tò Ìjan kì í gbéra títí yóò fi kún, lọ́dún tí epo bẹntiróò sì di ọ̀wọ́n yìí, ó lè má gbéra rárá. Ọ̀kadà wà, ṣùgbọ́n Tíṣà kì í gùn ún, gbogbo Ìjígbò ló sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀kadà ló pa Dùnmínínú, àkọ́bí rẹ̀, ní Ajílóṣùn, lọ́sẹ̀ tí ọmọ náà ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ní yunifásítì. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn kò ti mọ ohun tí wọn ì bá máa pe ìyàwó Tíṣà mọ́. Ẹnu wọn kò gbà á láti pè é ní Ìyá Dùnmínínú. Wọ́n wá ń pè é ní Ìyàwó Tíṣà, bí ẹni pé ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé e wọlé, obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún. Àyọ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Òun ló mú kí ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ lé Bíbélì, kó búra pé òun kò ní jókòó sórí ọ̀kadà láé.

Lọ́jọ́ kan ní oṣù Ẹrẹ́nà, Tíṣà ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí ìsọ̀, ó so nǹkan kan tí ó wà nínú àpò mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Tàófíìkì, dókítà ní n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ gun òkè mọ́. Ó ní àyà mi kò lè gbé e."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

Tíṣà tú àpò náà. Ẹ́ńjìnnì kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ti ẹ̀rọ àgbékọ́yìn tí bàbá rẹ̀ fi ń fín oògùn sí kòkó nígbà ayé rẹ̀.

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́," ó wí. "Mo fẹ́ kó máa bá mi wa kẹ̀kẹ́ náà."

Tàófíìkì yí ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́. "Tíṣà, ẹ má bínú sí mi. Bí a bá gbé ẹ́ńjìnnì sí kẹ̀kẹ́, ṣé kò ti di ọ̀kadà nìyẹn?"

"Kò lè sáré ju bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń sáré nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ lọ. Mo sì ti sọ fún Àyọ̀kẹ́. Ó ní tó bá jẹ́ pé ìwọ ni wàá ṣe é, òun gbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Tàófíìkì lára. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un pé òun fọkàn tán ọwọ́ rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì náà sí ihò onígun mẹ́ta tó wà láàárín irin kẹ̀kẹ́, ó sì na ṣéènì kan tààrà láti ara rẹ̀ lọ sídìí táyà ẹ̀yìn. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó ń lọ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n mélòó ni ilẹ̀ títẹ́jú ní Èkìtì? Ní òkè Ìjígbò, ẹ́ńjìnnì náà han gooro, ó rú èéfín, ó kú. Ìgbà mẹ́ta ni Tàófíìkì gbìyànjú, ìgbà mẹ́ta ló ti kẹ̀kẹ́ náà padà sí ìsọ̀ lójú àwọn ọlọ́kadà tó ń wò ó.

Ìdí rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí i. Eré ni ẹ́ńjìnnì kékeré mọ̀, kò ní agbára. Agbára sì ni táyà tó ń gun òkè fẹ́, kò bìkítà fún eré. Ọ̀nà tí yóò fi sọ ọ̀kan di èkejì ni kò mọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi rò ó. Níkẹyìn, ó gbé oúnjẹ lọ fún ìyàwó rẹ̀ ní Ọjà Ọba, ó rí ẹ̀rọ ìlọta, bí bẹ́líìtì ṣe ń ti ara wíìlì kékeré bọ́ sára wíìlì ńlá, tí ọlọ sì ń yí pẹ̀lẹ́ ṣùgbọ́n tí kò sí ohun tó lè dá a dúró. Ó dúró síbẹ̀ títí ẹni tó ń lọ ata fi bi í pé kí ló ń wá.

Irin kan ni yóò fi dábùú kẹ̀kẹ́ náà, lábẹ́ ìjókòó, láti òsì sí ọ̀tún. Irin eléyín ńlá yóò wà ní òsì rẹ̀, èyí tí ṣéènì ẹ́ńjìnnì yóò máa fà. Irin eléyín kékeré yóò wà ní ọ̀tún rẹ̀, òun náà yóò sì máa fa irin eléyín ńlá mìíràn nídìí táyà. Báyìí, eré ẹ́ńjìnnì yóò dín kù lọ́nà méjì kó tó kan ilẹ̀, agbára rẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i bí eré bá ṣe ń dín. Irin àárín ló sọ ọ́. Nígbà tó ṣàlàyé rẹ̀ fún Tíṣà, ọkùnrin náà fa bírò yọ, ó ka eyín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé, ó sì wo Tàófíìkì bí ẹni tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó gba gbogbo ìbéèrè.

"Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?"

"Ẹ̀rọ ata ni, sà."

Ara ọ̀kadà kan tó ti bàjẹ́ ló ti yọ irin náà. Ó wá bẹ́árìn méjì tí irin náà yóò máa yí nínú wọn, ó gé páìpù tí wọn yóò jókòó sí, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Akínọlá, tó ń jó irin ní Òkè-Ìlá, kó bá òun jó àwọn páìpù náà mọ́ kẹ̀kẹ́. Èyí ló gba ìṣọ́ra jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Ṣéènì méjèèjì gbọ́dọ̀ nà gbọnrangandan. Bí irin eléyín kan bá yà díẹ̀ pẹ́ẹ́, ṣéènì yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ ha eyín rẹ̀, yóò máa gbọn irin àárín, kò sì sí nọ́ọ̀tì tí ìgbọ̀n kò lè tú.

Nígbà tí Akínọlá jó o tán, Tàófíìkì na òwú láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó di ojú kan, ó fi ìkejì wò ó bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń wo òwú lórí òfì.

"Akin, páìpù ọ̀tún yìí yà."

Akínọlá bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Èmi kò rí i."

"Ìbú èékánná ni. Ṣùgbọ́n ó yà."

"Àfi kí n gé e, kí n tún un jó. Iná sì ti lọ báyìí. Tí wọ́n bá mú iná dé, gbé e padà wá."

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, iná kò dé. Lọ́jọ́ Furaidé, Tíṣà yà sí ìsọ̀. Ó ti rù sí i.

"Ṣé kò tíì yá? Ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì àṣejáde bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti ń fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí mo bá ti rí ẹni tó máa gbé mi. Àná, mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, mo rò pé n kò ní lè dìde mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Tàófíìkì. Kò ju pé kó ní, "Ó yà díẹ̀, sà, ẹ fún mi lọ́jọ́ mélòó kan sí i." Ṣùgbọ́n ó wo ojú Tíṣà, ó sì tún rántí bó ṣe wò ó lọ́jọ́ tó ka eyín irin.

"Ẹ wá gbé e lọ́la, sà," ó wí.

Ó kó wọ́ṣà pẹlẹbẹ mẹ́ta sẹ́yìn irin eléyín ọ̀tún láti fi tì í sójú ìlà, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ dè é. Lójú, ó gún. Ní Sátidé náà, kẹ̀kẹ́ gun òkè Ìjígbò, ó ń kùn bí ìyá oyin, kò dúró, kò rú èéfín. Àwọn ọlọ́kadà tẹ̀ lé e, wọ́n ń fun fèrè. Kúdírát wá láti ọjà, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó fi èjìká kan èjìká rẹ̀. Bóyá ọjọ́ yẹn ni inú Tàófíìkì dùn jù láti ìgbà tó ti dé Adó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tíṣà fi gùn ún lọ, tó gùn ún bọ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn dé Ìjan. Àgbẹ̀ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bámgbóyè gbé ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún òun, àwọn méjì mìíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn òun. Ọjọ́ tí Bámgbóyè wá náà ni Tíṣà yà lójú ọ̀nà ilé.

"Ó ń ké díẹ̀ lápá ọ̀tún, Tàófíìkì. Bá mi wò ó."

Iná wà lọ́jọ́ yẹn. Kò gbà ju kó gbé e dé Òkè-Ìlá lọ. Tàófíìkì bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń ké kó tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n Bámgbóyè jókòó níwájú rẹ̀ lórí àpótí, ẹ́ńjìnnì lórí itan, ó ń wo gbogbo ohun tó ń ṣe. Bí ó bá tú u níwájú ẹni yìí, ẹni náà yóò mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò pé. Ó mú agolo òróró, ó kán an sára ṣéènì.

"Òróró ló ń béèrè, sà," ó wí.

Tíṣà dúpẹ́, ó sì gùn ún lọ sílé.

Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn èyí, ọlọ́kadà kan dúró níwájú ìsọ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó ní Tíṣà ti ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò kan lọ́nà Ìjan. Tàófíìkì gun ẹ̀yìn rẹ̀, kò tilẹ̀ kó irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, mọ́tò àwọn àgbẹ̀ kan ti gbé Tíṣà lọ sí ọsibítù. Kẹ̀kẹ́ náà nìkan ló wà nínú koríko, òjò àárọ̀ ṣì ń kán lára rẹ̀. Tàófíìkì kúnlẹ̀ tì í. Nọ́ọ̀tì ọ̀tún ti tú. Irin àárín ti fà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣéènì ti bọ́, ó sì ti wé mọ́ ìdí táyà títí táyà fi há gírígírí. Àwọn tó dúró yí i ká ń sọ pé ọ̀nà ń yọ̀, pé iṣẹ́ òjò ni. Kò sẹ́ni tó lè wo irin wọ̀nyẹn kó kà wọ́n, àfi òun.

Ọ̀pá ẹ̀yìn Tíṣà ló kán. Láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọsibítù ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Nígbà tí Tàófíìkì kọ́kọ́ lọ kí i níbẹ̀, Tíṣà ló ń tù ú nínú.

"Fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo fà á. Ilẹ̀ ń yọ̀, mo sì fún búréèkì pọ̀ lójijì. Iṣẹ́ rẹ kò lábùkù, mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó wá síbí." Ó nawọ́ sí ìwé kan lórí ìrọ̀rí. Ó ti ya kẹ̀kẹ́ náà sínú rẹ̀, irin àárín, ṣéènì méjèèjì, iye eyín ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń wá. Mo ń fi kọ́ wọn ní ìṣirò."

"Tíṣà," ni Tàófíìkì wí.

"Jókòó. Àyọ̀kẹ́, bá wa wá omi fún Tàófíìkì."

Ó mu omi náà, ó sì lọ sílé. Gbogbo Jímọ́ọ̀ ló máa ń ti mọ́ṣáláṣí yà kí i, á fẹ́ jẹ́wọ́, Tíṣà á tún yìn ín lójú àlejò kan, á sì lọ sílé láìsọ ọ́. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì Bámgbóyè wà ní ìsọ̀ lábẹ́ àpò, kò fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àsùbáhì, Kúdírát kò ká ẹní nílẹ̀. Ó jókòó sórí rẹ̀, ó kọjú sí i.

"Bàbá Àmínát, kí ló wà nínú yín?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, páìpù tó yà, wọ́ṣà mẹ́ta, agolo òróró. Kúdírát gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ẹ lọ sọ fún wọn."

"Bí mo bá sọ, ṣé ẹsẹ̀ Tíṣà á tún gbé e ni?"

"Kò ní gbé e. Ẹ ṣì lọ sọ."

Nígbà tó débẹ̀, Tíṣà ń sùn. Àyọ̀kẹ́ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó fọ̀. Tàófíìkì dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ibẹ̀ ló sì ti sọ ọ́, kò gbójú sókè títí ó fi sọ ọ́ tán. Nígbà tó gbé ojú sókè, obìnrin náà di aṣọ kan mú lórí okùn, omi ń kán láti ara rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó wá bá ọ," ó wí níkẹyìn.

"Mo mọ̀, mà."

"O gbọ́ pé ó ń ké, o sì kán òróró sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó na aṣọ náà, ó fi nǹkan há a mọ́ okùn. Ó mú òmíràn nínú ọpọ́n. "Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe sí èyí tí o sọ yìí, Tàófíìkì? Bí mo bá sọ fún un, ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń fún un láyọ̀ ní pálọ̀ yẹn ti parí nìyẹn. Bí n kò bá sọ, èmi ni yóò máa fi ojoojúmọ́ gbọ́ tí yóò máa yìn ọ́. Ìwọ ti sọ tìrẹ, ó ti kúrò lọ́rùn rẹ. Èmi lo gbé e rù."

Tàófíìkì ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé kò kúrò lọ́rùn òun, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìyẹn náà yóò jẹ́ ẹrù mìíràn.

"Dìde kí ọkọ mi tó jí," Àyọ̀kẹ́ wí. "Má sì wá mọ́. N ó sọ fún un pé o rìnrìn àjò."

Lọ́sẹ̀ yẹn, ó gbé ẹ́ńjìnnì Bámgbóyè lọ fún un ní Ìjan. Àgbẹ̀ náà bínú, ó ní ìgbéraga ló ń ṣe é nítorí òkìkí rẹ̀ ti kàn. Tàófíìkì gbé e kalẹ̀, ó padà sí Adó. Ó ṣí páànù orí ìsọ̀ náà, ó kó àwọn sípánà rẹ̀ fún Akínọlá, ó sì lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní Ọjà Ọba, ó ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán àpò tó ya.

Ọyẹ́ ọdún 1999 ni Tíṣà Ọlátúbọ̀sún kú. Egbò ẹ̀yìn tí ìdùbúlẹ̀ dá sí i lára ló ṣe é, kì í ṣe àyà tí dókítà bẹ̀rù. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Tàófíìkì dúró sí òdìkejì títì, ó fi fìlà rẹ̀ sọ́wọ́. Ohùn àlùfáà ń jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni, ènìyàn kan kò lè bi í pé kí ló dé. Ìjọ dáhùn pé Àmín. Tàófíìkì kò bá wọn ṣe é, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Àyọ̀kẹ́ wá sí Ọjà Ọba. Ó ń kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ó fẹ́ àpò tí yóò kó ìwé ọkọ rẹ̀ sí. Kò mọ̀ pé ìsọ̀ Kúdírát ni, ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àpò wò ló tó rí ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́. Kò kúrò. Tàófíìkì dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Mélòó lẹ fẹ́, mà?"

"Mẹ́rin."

Ó ṣa mẹ́rin fún un. Ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè síhà oòrùn, ó wo ojú rírán wọn láti òkè dé ìdí, ó dá ọ̀kan padà, ó mú òmíràn. Àyọ̀kẹ́ ń wò ó.

"Ṣé wọ́n lágbára?" ó béèrè.

Tàófíìkì di àwọn àpò náà mú. Kúdírát wò ó, nígbà tó sì rí i pé kò ní lè dáhùn, ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká wọn, ó fi okùn dì wọ́n.

"Wọ́n lágbára, mà," Kúdírát wí.

Àyọ̀kẹ́ gbé wọn lé orí, ó sì gba àárín àwọn aláta lọ.